Ta Ni Ó Yan Ikú? Ìtàn Àwọn Abọ́bakú Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ràn Ẹ̀tọ́ Ẹni láti Kú

Ọ̀ràn kan wà tí ó ń da àwọn aṣòfin, àwọn dókítà àti àwọn ẹlẹ́sìn láàmú ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ lónìí. Bí àìsàn tí kò gbóògùn bá ń jẹ ènìyàn níyà, tí ó sì wí pé ilé ayé ti sú òun, ǹjẹ́ ó ní ẹ̀tọ́ láti yan ikú? Bí ó bá sì bẹ ẹlòmíràn pé kí ó ran òun lọ́wọ́, ǹjẹ́ olùrànlọ́wọ́ náà kò di apànìyàn? Ní ilẹ̀ Swítsálándì, ìwé òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1942 kò fi ìyà jẹ ẹni tí ó ràn ọmọnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kú, àfi bí ó bá jẹ́ pé nítorí èrè ti ara rẹ̀ ni ó ṣe é. Ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú dìbò gba òfin kan lórí ọ̀ràn yìí ní 1994, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997. Hóláńdì àti Bẹ́ljíọ̀m gbé tiwọn kalẹ̀ ní 2002, Kánádà sì tẹ̀ lé wọn ní 2016.

Bí a bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láàárín àwa Yorùbá, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ọ̀ràn òyìnbó ni, kò kàn wá. Èrò yìí kò tọ̀nà. Lóòótọ́, a kò gbọ́ pé àwọn baba wa ṣe òfin kan fún aláìsàn tí ó fẹ́ kú. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́ ni ikú kan ti wà ní àárín wa, tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kú, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí i, tí a dá ọjọ́ fún, tí ẹbí sì ń ṣe ìrànlọ́wọ́ rẹ̀. Ikú tí a kò pè ní ìpànìyàn, bí kò ṣe ọlá. Àwa náà ni a ni òwe tí ó wí pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

N kò wí pé abọ́bakú àti aláìsàn jẹ́ ọ̀kan náà. Ìrora ni aláìsàn ń sá fún. Abọ́bakú kò ní àìsàn kankan lára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan so àwọn méjèèjì pọ̀: nígbà tí ẹnu ènìyàn bá wí pé, "Mo gbà láti kú," báwo ni a ṣe mọ̀ pé ohùn tirẹ̀ ni a ń gbọ́, tí kì í ṣe ohùn àwọn tí ó yí i ká? Nínú àròkọ yìí, n óò yẹ irú ikú mẹ́rin wò nínú ìtàn Ọ̀yọ́: ikú ọba tí a kọ̀, ikú àwọn tí ó ń bá ọba lọ, ikú Àrẹ̀mọ, àti ikú kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1945. Ohun kan náà ni n óò máa bèèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ta ni ó ní agbára láti wí pé rárá?

I. Igbá Òfìfo

Ní Ọ̀yọ́ Ilé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan Aláàfin. Aláṣẹ èkejì òrìṣà ni; a kì í yọ ọ́ lóyè kí ó tún wá máa gbé àárín ìlú bí ẹni lásán. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa mọ̀ pé ọba lè di òǹrorò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi agbára kan sí ọwọ́ àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn. Bí ìwà ọba bá ti burú kọjá ààlà, Baṣọ̀run a fi igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i, a sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé àwọn òrìṣà kọ̀ ọ́, ilẹ̀ kọ̀ ọ́, àwọn ènìyàn rẹ̀ náà sì kọ̀ ọ́. Ọba tí ó bá rí igbá yìí mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Òun tìkára rẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún Aláàfin Awólẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1796, ẹni tí àwọn àgbàlagbà ṣì ń dárúkọ títí di òní nítorí èpè tí ó fi ilẹ̀ Yorùbá gún kí ó tó kú.

Ẹ kíyèsí ọgbọ́n tí ó wà nínú ètò náà. Kò sí idà, kò sí ogun abẹ́lé, kò sì sí ẹni tí a lè nawọ́ sí pé òun ni ó pa ọba. Ọba kú, ìlú sì là. Fún orílẹ̀-èdè tí kò ní ìwé òfin, ìjánu tí ó lágbára ni èyí jẹ́ lẹ́nu aláṣẹ.

Ṣùgbọ́n Baṣọ̀run Gáà fi ibi tí ètò náà ti kù díẹ̀ káàtó hàn wá. Láàárín nǹkan bí 1754 sí 1774, ó gba ìjánu náà di ti ara rẹ̀. Òpìtàn Samuel Johnson, tí ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, sọ fún wa bí Lábísí, Awónbíojú, Agbólúajé àti Májẹ̀ógbé ti dé ibi oyè lójú Gáà tí wọ́n sì lọ lójú rẹ̀. Awónbíojú kò lò ju ọjọ́ 130 lọ, nítorí pé ó kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún ìjòyè rẹ̀. Abíọ́dún ni ó wá ṣẹ́gun Gáà ní 1774.

Ohun tí ó yẹ kí a fà yọ níhìn-ín ni pé igbá náà kò yí padà. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń rán an kò yí padà, ikú tí ọba ń kú kò sì yí padà. Ọwọ́ tí ó gbé igbá ni ó yí padà: ní ìṣáájú, ọwọ́ gbogbo ìlú ni, lẹ́yìn náà, ó di ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo tí ń wá èrè ti ara rẹ̀. Bí a bá wo òkú ọba nìkan, a kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Àwọn tí ó dúró yí i ká ni a ní láti wò.

II. Àwọn Tí Ó Ń Bá Ọba Lọ

A kì í wí pé ọba kú. Ọba wàjà ni. Ìrìn àjò ni àwọn baba wa ka ikú ọba sí, ọba kì í sì í dá rìn. Johnson ka àwọn tí àṣà là á kalẹ̀ fún pé kí wọ́n bá Aláàfin lọ. Nínú wọn ni Àrẹ̀mọ wà, àti àwọn ọmọ ọba kan tí wọ́n jẹ oyè, àti Olókùn Ẹṣin. Àwọn obìnrin ààfin náà wà níbẹ̀: Ìyá Ọba, ìyẹn ni obìnrin tí a fi jẹ oyè ìyá fún ọba, Ìyá Nàsó, ìyá Àrẹ̀mọ, àti àyànfẹ́ olorì.

Ní ọjọ́ tí ọba bá wàjà, a ó wọ aṣọ ikú fún wọn. Wọn yóò jáde sí ìgboro pẹ̀lú ìlù, wọn yóò kí àwọn ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ pé ó dìgbóṣe, wọn yóò jó, wọn yóò sì jẹun pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọn. A ti gbẹ́ ilẹ̀, a sì ti kan pósí wọn sílẹ̀. Nígbà tí ó bá di alẹ́, oníkálukú yóò wọ ilé rẹ̀ lọ láti kú.

Kò yẹ kí a fi ojú aláìlóye wo àṣà yìí. Ó ní ìdí tirẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọjọ́ tí ọba bá kú ni òun náà yóò kú, yóò ṣọ́ ẹ̀mí ọba bí ẹni ń ṣọ́ ẹyinjú. Ẹni tí ó di ìjánu ẹṣin ọba mú kò ní gba owó lọ́wọ́ ọ̀tá. Ìyá ààfin kò ní jẹ́ kí májèlé kan oúnjẹ ọba. Yàtọ̀ sí èyí, májẹ̀mú wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ti bá ọba jẹ nínú ọlá. Aṣọ tí ó dára, oúnjẹ tí ó dùn, ọ̀wọ̀ tí gbogbo ìlú ń fún wọn, kò sí èyí tí ó wọ́n wọn. Lójú àwọn baba wa, ẹni tí ó bá ọba jẹ adùn tí ó wá sá fún ìkorò, ọ̀dàlẹ̀ ni, ilẹ̀ yóò sì mú un.

Nítorí náà, ẹnìkan lè wí pé: "Abọ́bakú yan ikú rẹ̀. Ọjọ́ tí ó gba oyè ni ó ti yàn án." Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwọ̀n. Àwọn tí ń gbèjà ẹ̀tọ́ láti kú lónìí náà máa ń wí pé ẹni tí ó bá fi ọkàn tútù ṣe ìpinnu, kí a bọ̀wọ̀ fún ìpinnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ni ó tẹ̀ lé e. Èkíní: ṣé ìlérí tí ènìyàn ṣe nígbà tí ikú ṣì jìnnà lè dè é títí di ìgbà tí ikú bá kan ilẹ̀kùn? Ọkùnrin tí ó gba oyè ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ọkùnrin kan náà mọ́ ní ọmọ ọgọ́ta, nígbà tí ó ti ní ọmọ àti ọmọ ọmọ.

Èkejì ni ó le jù. Johnson sọ pé bí ẹnìkan nínú wọn bá ń lọ́ra láti kú, àwọn ẹbí rẹ̀ a máa fún un lọ́rùn pa, kí ẹ̀gàn má bàa bá ìdílé wọn. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn yìí. Bí ó bá jẹ́ pé ìfẹ́ inú ẹni náà ni ikú rẹ̀, kí ni ẹbí rẹ̀ tún ní láti parí? Òwe tí ó wí pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ kò sọ ẹni tí ẹ̀sín náà jẹ́ tirẹ̀. Ní ibí yìí, ẹ̀sín jẹ́ ti ìdílé, ikú sì jẹ́ ti ẹnìkan. Ìlù dún, ijó dùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni a ṣí sílẹ̀ fún oníjó.

III. Àrẹ̀mọ àti Ogun Ìjàyè

Bí ó bá jẹ́ pé Àrẹ̀mọ ni a fẹ́ wò, ọ̀rọ̀ náà tún hàn kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gẹ́gẹ́ bí Johnson ti kọ ọ́, ní àtijọ́ àkọ́bí ọba ni ó ń jọba lẹ́yìn baba rẹ̀. Ní ayé Aláàfin Òjígí ni nǹkan yí padà. Ìwà ìkà Àrẹ̀mọ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì fi kọ baba nítorí ọmọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti pàṣẹ pé Àrẹ̀mọ tí ó bá baba rẹ̀ jẹ ayé gbọdọ̀ bá baba rẹ̀ kú. Ìdí pàtàkì mìíràn wà nínú òfin náà: ọmọ tí ó mọ̀ pé òun kò ní jogún ìtẹ́ kò ní í kánjú kí baba òun kú.

Òfin náà wà bẹ́ẹ̀ títí di ayé Aláàfin Àtìbà, ẹni tí ó sọ Àgọ́ di Ọ̀yọ́ titun lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé ti tú. Nígbà tí Àtìbà di arúgbó, ó fẹ́ kí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, wà láàyè kí ó sì jọba. Kò lè dá ṣe é. Ó ní láti bèèrè lọ́wọ́ àwọn ìlú méjì tí agbára ogun wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà, Ìbàdàn àti Ìjàyè. Àwọn ìjòyè Ìbàdàn gbà. Kúrunmí ti Ìjàyè, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kò gbà. Lójú tirẹ̀, Àrẹ̀mọ gbọdọ̀ kú gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ti wà ṣáájú ti kú, kí a sì yan ọba láti inú àwọn ọmọ ọba yòókù.

Àtìbà wàjà ní 1859. Adélù kò kú. Wọ́n fi í jọba. Kúrunmí kọ̀ láti tẹríba fún un. Ní 1860 ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè, àwọn Ẹ̀gbá sì jáde láti gbèjà Ìjàyè. Márùn-ún nínú àwọn ọmọ Kúrunmí ni ó kú sójú ogun. Òun tìkára rẹ̀ kú ní 1861, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1862, Ìjàyè ṣubú, ìlú ńlá náà sì tú.

A kò gbọdọ̀ sọ pé ọ̀ràn Àrẹ̀mọ nìkan ni ó fa ogun náà. Ìbàdàn àti Ìjàyè ti ń figagbága tipẹ́. Ìjà sì ti wà lórí àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ wọn àti lórí ogún obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí ó kú ní Ìjànná láìní àrólé. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí a pe Kúrunmí ní òmùgọ̀. Ohun tí ó ń gbèjà rẹ̀ ní ìtumọ̀: àṣà tí gbogbo ilẹ̀ fi ọwọ́ sí, ó ní ọba kan kò lè wó o nítorí pé ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí Àrẹ̀mọ Òjígí ṣe yóò mọ̀ pé kì í ṣe lásán ni a fi ṣe òfin náà.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ìtàn yìí sọ lórí ìbéèrè wa. Bí ó bá jẹ́ pé Àrẹ̀mọ ni ó ń yan ikú ara rẹ̀, èéṣe tí a fi ní láti ránṣẹ́ pe ìlú méjì kí ó tó lè wà láàyè? Èéṣe tí ogun fi gbé e lẹ́sẹ̀ nígbà tí ó yè? Ikú tí a ń pè ní ti Àrẹ̀mọ kì í ṣe ti Àrẹ̀mọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti ìlú ni. Ọjọ́ tí ẹnìkan kọ́kọ́ gbìyànjú láti má kú ni a tó mọ̀.

Ohun kejì tí ìtàn náà fi hàn ni pé àṣà ikú kì í ṣe àpáta tí kò ṣeé sún. Ọ̀yọ́ tìkára rẹ̀ ni ó yí i padà, kí ọwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ ààfin rẹ̀. Àwọn tí ń wí pé òyìnbó ni ó kọ́ wa láti ka ẹ̀mí ènìyàn sí iyebíye, kí wọ́n tún ìtàn Àtìbà kà.

IV. Olókùn Ẹṣin ní 1945

Àrẹ̀mọ ti bọ́, ṣùgbọ́n àṣà Olókùn Ẹṣin kò tíì tán. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 1944, Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlú Kìíní wàjà lẹ́yìn tí ó ti lo ọdún 33 lórí ìtẹ́. Ìlú ń retí pé Jìnádù, Olókùn Ẹṣin rẹ̀, yóò tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1945, Jìnádù wọ Ọ̀yọ́ láti Ìkòyí. Aṣọ funfun ni ó wọ̀, ó sì ń jó bọ̀ ní ìgboro, ó kọjú sí ilé Baṣọ̀run Ládòkun. Gbogbo ẹni tí ó rí i mọ ohun tí ijó náà túmọ̀ sí.

Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó. Ní ojú òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní 1916, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni ìjìyà rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ràn án lọ́wọ́ lè lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n. Ajẹ́lẹ̀ rán àwọn ènìyàn jáde, wọ́n sì mú Jìnádù sí àtìmọ́lé. Ó rò pé òun ti gba ẹ̀mí kan là. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn ká ìlú, àbíkẹ́yìn Jìnádù, Múráná, pa ara rẹ̀ ní ipò baba rẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òǹkọ̀wé ti ronú lórí ọjọ́ náà. Dúró Ládípọ̀ fi ṣe eré *Ọba Wàjà* ní 1964. Wọlé Ṣóyínká kọ eré tirẹ̀ lé e lórí ní 1975. Ní 2022, fíìmù kan tí Bíyí Báńdélé ṣe gbé e jáde ní èdè Yorùbá. Wọ́n ti wí pé ìforígbárí àṣà méjì ni, Ṣóyínká tìkára rẹ̀ sì ti kìlọ̀ pé kí a má fi orúkọ yẹn pè é. Ní tèmi, ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ikú Múráná.

Múráná kò jẹ oyè. Kò bá ọba jẹ, kò bá ọba mu, kò sì dá májẹ̀mú kankan. Gbogbo àwíjàre tí a lè ṣe fún ikú baba rẹ̀, kò sí ọ̀kan tí ó bá tirẹ̀ mu. Síbẹ̀ ikú fo baba, ó sì bọ́ sórí ọmọ, gẹ́gẹ́ bí gbèsè ti ń fo ẹni tí ó jẹ ẹ́ bọ́ sórí àrólé rẹ̀. Ìyàn ènìyàn kò ṣeé jogún. Gbèsè ni ó ṣeé jogún. Bí ikú Olókùn Ẹṣin bá jẹ́ ìyàn tirẹ̀ nìkan, nígbà tí a ti dá a dúró, ọ̀rọ̀ náà ìbá ti parí síbẹ̀. Kò parí, nítorí pé ìdílé àti ìlú ṣì ń retí òkú kan.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe dá ẹ̀bi yìí fún ìlú nìkan. Ajẹ́lẹ̀ náà kò bèèrè ohunkóhun. Ó ní òfin lọ́wọ́, ó sì ní ọlọ́pàá. Ó gbé ara Jìnádù kúrò ní ìgboro, ó fi ẹ̀sín rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹlòmíràn gbé e. Ìlú fẹ́ fi agbára àṣà mú ọkùnrin kan kú. Ìjọba fi agbára òfin mú un yè. Ọkùnrin kan náà ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì.

V. Ohun Tí Ìtàn Náà Fi Lélẹ̀ fún Wa

Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí a bá fi ohun tí a rí ní Ọ̀yọ́ wo àwọn òfin tí mo dárúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé àwọn tí ó ṣe wọ́n ń sá fún àwọn kòtò kan náà, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ nípa Gáà tàbí Jìnádù rí.

Òfin Swítsálándì ń bèèrè bóyá olùrànlọ́wọ́ ní èrè kan níbẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi Gáà nìyẹn. Òfin Oregon wí pé kí ẹni tí ó fẹ́ kú jẹ́ ẹni tí dókítà méjì ti wí pé kò lè lò ju oṣù mẹ́fà lọ mọ́; ó gbọdọ̀ bèèrè fún un léraléra, ní ẹnu àti ní ìwé, ó sì lè yí ọkàn rẹ̀ padà ní ìgbàkígbà. Abọ́bakú kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ìlérí ẹ̀ẹ̀kan ni ó dè é títí láé. Òfin kan náà wí pé nínú àwọn ẹlẹ́rìí méjì, ó kéré tán ẹnìkan kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí aláìsàn náà, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò jogún rẹ̀. A mọ ohun tí àwọn ẹbí abọ́bakú ń ṣe bí ó bá lọ́ra. Ní Hóláńdì, dókítà gbọdọ̀ dá ara rẹ̀ lójú pé ọkàn aláìsàn náà ni ó fi ń bèèrè, pé ìyà rẹ̀ kọjá àfaradà, kò sì sí ìrètí ìrọ̀rùn; ó gbọdọ̀ pe dókítà mìíràn tí kò sí lábẹ́ rẹ̀ láti wò ó, lẹ́yìn náà kí ó jíyìn fún ìgbìmọ̀ kan.

Ṣé àwọn odi wọ̀nyí tó? Àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn lé e lórí ní àwọn ilẹ̀ náà. Ní tiwa, ìkìlọ̀ kan wà tí ìtàn Ọ̀yọ́ ṣe fún wa ju fún wọn lọ. Àwa kì í dá gbé, a kì í sì í dá ṣàìsàn. Àìsàn bàbá kan jẹ́ ti gbogbo agbo ilé, owó ìtọ́jú rẹ̀ sì ń jáde láti inú àpò àwọn ọmọ. Bí ìyá arúgbó kan bá wí pé, "Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n máa lọ," ó lè jẹ́ ìrora ni ó ń sọ. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti gbọ́ pé a fẹ́ ta ilẹ̀ kan nítorí òun, tàbí pé owó ilé-ìwé ọmọ ọmọ òun ni a fi ra oògùn òun. Bí a bá fún un ní oògùn tí ń mú ìrora rọlẹ̀, tí a sì mú ẹ̀rù gbèsè kúrò lọ́kàn rẹ̀, tí ó sì tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, nígbà náà ni a tó lè bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ohùn tirẹ̀. Bí a kò bá tíì ṣe méjèèjì, abọ́bakú ni a sọ ọ́ dà, láìsí ìlù.

Ẹ̀kọ́ kejì jẹ́ ti àwọn tí ó wí pé kí òfin kàn pa ọ̀ràn náà dé pátápátá. Ọ̀nà ajẹ́lẹ̀ ni èyí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tìkára wọn pa òfin tí ó sọ ìgbìyànjú láti pa ara ẹni di ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ní ilẹ̀ wọn ní 1961, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi ìjìyà sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣe ìrànlọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó náà, nínú òfin rẹ̀ ti 2011, pàṣẹ pé kí ilé ẹjọ́ rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ìgbésẹ̀ rere ni. Ẹni tí ayé sú kò nílò àtìmọ́lé. Ó nílò ẹni tí yóò jókòó tì í, tí yóò bi í pé kí ni ó dé.

N kò kọ àròkọ yìí láti sọ bóyá kí a gba irú òfin Oregon tàbí kí a kọ̀ ọ́. Àwọn tí ó mọ̀ nípa ìṣègùn, nípa òfin àti nípa ẹ̀sìn ní ọ̀rọ̀ tiwọn láti sọ. Ohun tí òpìtàn lè fi lé wọn lọ́wọ́ ni òṣùwọ̀n kan tí ó ti inú ilé wa jáde. Kí a tó pe ikú kan ní ìyàn, kí a kọ́kọ́ wo bóyá ọ̀nà ìyè ṣí sílẹ̀, tí ẹni náà lè gbà á láìsí ẹ̀gàn, láìsí gbèsè, láìsí ogun. Adélù rí ọ̀nà náà nítorí pé baba rẹ̀ ṣí i fún un, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí ni ó sì bá a lọ. Jìnádù kò rí i. Odi àṣà wà ní ọwọ́ ọ̀tún, odi òfin wà ní ọwọ́ òsì. Ẹni tí kò lè sọ pé òun kò kú mọ́, kò tíì sọ pé òun fẹ́ kú.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ni tàbí tí ẹ bá ń kà nípa àwọn abọ́bakú, ẹ má ṣe dúró lórí ẹwà ijó àti dídùn ìlù nìkan, ẹ má sì ṣe pe àwọn baba wa ní ẹhànnà. Ẹ bèèrè ẹni tí ó gbé igbá, ẹni tí ó ń retí òkú, àti ẹni tí ó lè wí pé rárá. Bí ọ̀ràn yìí bá dé iwájú àwọn aṣòfin wa lọ́jọ́ kan, àwọn tí ó ti kọ́ láti bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni a ó nílò ní àárín wọn.